Ìpele Tí Kò Ní Ìmọ́lẹ̀

Agbẹ̀bí àgbà ilé ìwòsàn náà fẹ́ràn géèmù ju bó ṣe yẹ ọjọ́ orí rẹ̀ lọ, kò sì tijú. Màmá Géèmù ni àwọn nọ́ọ̀sì ń pè é. Tí kò bá ti sí aboyún níta, ẹ ó bá a lórí bẹ́ǹṣì pẹ̀lú fóònù rẹ̀, á fún ẹnu pọ̀ bí ẹni tó ń ti òwú bọ ojú abẹ́rẹ́.

Géèmù orin ni. Ìlù àti fèrè ló wà níbẹ̀, kò sí ẹni tó ń kọrin sí i. Bí ìlù bá ṣe ń dún, iná kéékèèké á máa já bọ́ láti òkè, ìwọ á sì fi ìka tẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan nígbà tó bá kan ìlà ìsàlẹ̀ gẹ́lẹ́. Ọmọdé lè ṣe ìyẹn. Èyí tó wọ̀ ọ́ lọ́kàn ni ìpele tó kẹ́yìn, níbi tí gbogbo iná á ti kú, tí ojú fóònù á dúdú, tó sì máa ku orin nìkan. Ojú ò wúlò mọ́ níbẹ̀, etí ló kù.

"Géèmù agbẹ̀bí rèé," ló máa ń wí. "Àwa náà, inú òkùnkùn la ti ń gbọ́ ọmọ."

Òótọ́ ló sọ. Ó máa ń gbé ìwo onígi lé ikùn aboyún, á fi etí sí i, á sì máa fi ìka kan ìlùkìkì ọkàn ọmọ náà sí ìyá rẹ̀ lọ́wọ́, kí ìyá náà lè mọ ohun tí òun ń gbọ́. Ẹnikẹ́ni ò kọ́ ọ. Ìfẹ́ ló fi ń ṣe é, àwọn aboyún sì ń tìtorí ẹ̀ kọjá ilé ìwòsàn mìíràn wá síbẹ̀.

Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kùnà ní ìpele òkùnkùn. Ó ní fóònù ló bàjẹ́, ó ra òmíràn. Ó ní ohun tí wọ́n ń kì bọ etí ni kò dára, ó pààrọ̀ ìyẹn náà. Ó fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ó ń pa làpálàpá. Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, inú rẹ̀ mọ̀. Àmọ́ agbẹ̀bí tí etí rẹ̀ ń kú, kí ló tún kù tó ń jẹ́? Ẹ̀rù bà á, ó sì gbé ẹ̀rù náà mì. Ó há gbogbo orin ìpele náà sórí, ìka rẹ̀ ń lù ú láìgbọ́ ọ, géèmù sì ń yìn ín.

Ìgbà yẹn ni àbúrò rẹ̀ obìnrin wá, pẹ̀lú oyún oṣù kẹsàn-án. Láti ìgbà tó ti wọlé ọkọ ló ti ń wá ọmọ, èyí sì ni àkọ́kọ́ tó dúró.

"Àǹtí mi, ẹ bá mi gbọ́ ọ dáadáa o," ni Àbúrò wí. "Láti àná ló ti ń dákẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ."

"Ṣé o fẹ́ kó máa gbá bọ́ọ̀lù ni? Ibẹ̀ ti há fún un. Dùbúlẹ̀ jàre."

Ó gbé etí lé ìwo. Nǹkan kan ò dún. Ó sún un sápá òsì, ó sún un sísàlẹ̀. Àbúrò ti na ọwọ́ sí i, ó ń wojú rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Nọ́ọ̀sì kékeré wà ní yàrá kejì, kó pè é ni, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kò pè é. Ìka rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kàn ní àtẹ́lẹwọ́ àbúrò rẹ̀, ó yára, ó dọ́gba, ó dùn. Ó rò pé òun ń gbọ́ ọ. Kí Ọlọ́run má fi ẹnikẹ́ni sí irú ipò yẹn.

"Ó mà ń sáré o!" Àbúrò bú sẹ́rìn-ín, ó dìde, ó gba ilé lọ.

Nírọ̀lẹ́, nígbà tí wọ́n ń pa fèrèsé dé, agbẹ̀bí ṣí géèmù. Ó dé ìpele òkùnkùn, ìka rẹ̀ sì ń lù ú lọ. Lójijì, ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ìlù tó kàn sí àbúrò rẹ̀ lọ́wọ́ lọ́sàn-án rèé, kò fi ibì kankan yàtọ̀. Kì í ṣe ti ọmọ.

Ilé Àbúrò ò jìnnà. Ẹni tó bá máa lọ á ti lọ. Àmọ́ kí ló fẹ́ sọ tó bá débẹ̀? Ìtìjú dè é mọ́ orí bẹ́ǹṣì. Ó ní bóyá ara ọmọ le, ó ní ilẹ̀ á kúkú mọ́. Àgbà wà lọ́jà, orí ọmọ tuntun wọ́.

Ilẹ̀ mọ́, ó sáré lọ mú Àbúrò wá. Nọ́ọ̀sì kékeré fi etí sí ìwo, ó pẹ́ lórí ẹ̀. Nígbà tó gbé orí sókè, kò wo aboyún, ọ̀gá rẹ̀ ló wò. Dókítà tí wọ́n ránṣẹ́ pè sọ pé ọmọ ti kú, pé kò tíì pẹ́, ó ní ká ní wọ́n ti pe òun lánàá ni, bóyá ìbá yè.

"Irọ́ ni," ni Àbúrò wí. "Àná náà ni Àǹtí mi gbọ́ ọ. Wọ́n kàn án sí mi lọ́wọ́. Àǹtí mi, ẹ sọ fún wọn."

"Mi ò gbọ́ ọ," ni agbẹ̀bí wí. "Etí mi ti ń kú, mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Orin géèmù ni mo kàn sí ọ lọ́wọ́."

Àbúrò yíjú sí nọ́ọ̀sì kékeré.

"Ìwọ ni kó o gbẹ̀bí fún mi," ó ní. "Sọ fún un kó jáde. Kó má fọwọ́ kàn mí."

Agbẹ̀bí jáde, ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà. Nígbà tí ìrọbí mú Àbúrò, igbe rẹ̀ ń dún já ìta. Gbogbo rẹ̀ ló gbọ́.