Ẹsẹ̀ Sagbo

"Màmá, ta ló máa ń sùn tì yín nílé?"

Màmá Dosi bú sẹ́rìn-ín títí ibùsùn irin fi ń mì lábẹ́ rẹ̀, ìrora sì já lu èjìká rẹ̀ tó yẹ̀. "Yéè! Nọ́ọ̀sì, ṣé ọkọ lo fẹ́ bá mi wá ni? Èmi ẹni àádọ́rin ọdún! Bí o bá ti rí èyí tó ṣì léyín lẹ́nu, mú un wá."

Tẹjúmádé, nọ́ọ̀sì ọmọ Èkìtì, rẹ́rìn-ín músẹ́, ṣùgbọ́n kò fi ìbéèrè náà sílẹ̀. Abẹ́rẹ́ oorun wà nínú àwo lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kò tíì fọwọ́ kàn án.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, níwájú ààrò tí Màmá ti ń yan ẹja ní Ajido, ni oorun gbé e lọ lórí ìjókòó, ó sì fi èjìká ṣubú lulẹ̀. "Kì í ṣe orí àgbọn ni mo ti já bọ́ o," ló ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá kí i. "Orí àpótí ni!" Kẹ̀kẹ́ ló gbé e dé ilé ìwòsàn ní Badagry. Nígbà tí wọ́n rí bí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ṣe ń ru tí mímí rẹ̀ kò sì já gaara, wọ́n gbé e sí wọ́ọ̀dù àwọn tí ojú kì í kúrò lára wọn. Dókítà Akíndé fẹ́ fa apá náà padà sáyè rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó lè lajú sílẹ̀ gba irú fífà bẹ́ẹ̀. Ó di dandan kó sùn.

"Ṣé ẹ máa ń hanrun, Màmá?"

"Èmi kẹ̀? Ta ló purọ́ yẹn mọ́ mi?"

"Ṣé mímí yín máa ń dúró lójú oorun? Ẹnikẹ́ni ti sọ ọ́ fún yín rí?"

"Ta ni yóò sọ ọ́?"

Ẹ̀fẹ̀ ló fẹ́ fi ṣe, ṣùgbọ́n bó ṣe jáde lẹ́nu rẹ̀ kò pa ẹnikẹ́ni lẹ́rìn-ín. Ọmọ rẹ̀ kan wà ní Kútọnu, èkejì wà ní Ìbàdàn. Ọjọ́ Àìkú ni wọ́n ń pè. Rédíò nìkan ló ń bá a sọ̀rọ̀ nínú ilé, aṣọ kíká ló sì ń sùn sí ọwọ́ ògiri báyìí, níbi tí Sagbo ọkọ rẹ̀ máa ń sùn sí.

Sagbo! Lójú mọmọ, apẹja jẹ́jẹ́ tó lè bẹ akàn pé kó má bínú. Tó bá ti di òru, ìkà. Gbì! Yóò fi ẹsẹ̀ gún ìyàwó rẹ̀ níhà. "Yí padà!" Màmá Dosi fi ẹjọ́ rẹ̀ sun ẹ̀gbọ́n Sagbo obìnrin títí. Ó ká ẹní sí àárín àwọn méjèèjì, ẹsẹ̀ náà gun ẹní kọjá. Tí ilẹ̀ bá mọ́, Sagbo á tún fi èdè Gun kí i, "A fọn ganji a?", bóyá ó jí dáadáa. Òun á pòṣé: báwo lẹni tó bá àgbò sùn yóò ṣe jí dáadáa?

Nígbà tí Sagbo kú, Màmá sọ fún àwọn tó wá bá a kẹ́dùn pé ìhà òun yóò kúkú sinmi. Wọ́n rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín. Láti ìgbà náà ló ti ń jí pẹ̀lú orí fífọ́ àti ẹnu tó gbẹ bí eérú, tí oorun sì ń kùn ún lójú ọ̀sán títí ẹja fi ń jóná. Ó gbà pé bí opó ṣe ń rí nìyẹn.

Dókítà Akíndé yọjú. "Nọ́ọ̀sì, ṣé ká bẹ̀rẹ̀?"

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ wo oorun tiwọn. Ẹ wo bí ọrùn wọn ṣe ki."

Dókítà wò ó, ó mi orí pé kò burú, ó sì kọjá sọ́dọ̀ aláìsàn mìíràn.

"Ẹ dijú díẹ̀, Màmá."

Ta ló ń bẹ ewúrẹ́ kó jẹ iṣu? Atẹ́gùn ọ̀sà ń fẹ́ wọlé lójú fèrèsé. Oorun kò pẹ́ gbé e.

Gbì! Níhà.

"Sagbo, fi mí sílẹ̀ o!"

Igbe náà kárí wọ́ọ̀dù. Nígbà tó lajú, ìka Tẹjúmádé ló rí níhà rẹ̀, níbi kan náà gan-an. Ẹ̀rọ kan ń ké lókè orí rẹ̀. Òógùn bo iwájú orí ọmọbìnrin náà.

"Ẹ hanrun, Màmá. Bí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi. Ìyẹn ò bà mí lẹ́rù. Ìgbà tí ẹ dákẹ́ lẹ̀rù bà mí. Àyà yín ń gòkè, afẹ́fẹ́ ò wọlé. Ọ̀fun yín ló pa dé. Mo pè yín títí, ẹ ò dáhùn, ni mo bá gún yín. Ká ní mo ti fún yín ní abẹ́rẹ́ yẹn bá a ṣe máa ń fún àwọn yòókù ni, bóyá gígún ò ní jí yín."

Màmá Dosi fọwọ́ kan ìhà rẹ̀ níbi tí ìka náà ti gún un.

"Ta ni Sagbo, Màmá? Ẹ jẹ́ ká pè wọ́n."

"Ọkọ mi ni. Ó ti kú."

Dókítà padà dé, wọ́n sì tún ètò tò: oògùn díẹ̀ ni, wọ́n á gbé orí rẹ̀ sókè, wọ́n á fi ìbòmú tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ bo imú àti ẹnu rẹ̀, Tẹjúmádé kò sì ní gbójú kúrò láyà rẹ̀. Tó bá yá, wọ́n á bá a wá irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ tí yóò máa fi sùn nílé.

"O ò ní lọ síbì kankan?"

"Mi ò lọ, Màmá."

"Tí mo bá dákẹ́, má wulẹ̀ pè mí. Gún mi. Gún mi dáadáa."

"Màmá, ẹ rọra, etí ibùsùn lẹ wà yẹn. Ẹ ó já bọ́."

Kò mọ ìgbà tó sún débẹ̀. Ó ti fi ọwọ́ ògiri sílẹ̀ lófìfo, bí ẹni ń fi àyè sílẹ̀ fún Sagbo. Oògùn wọlé.

Nígbà tó jí, apá rẹ̀ ti wà nínú aṣọ tí wọ́n fi gbé e kọ́ ọrùn. Ọwọ́ Tẹjúmádé ṣì wà níhà rẹ̀.

"Màmá, ṣé ẹ jí dáadáa?"

Ojú Sagbo ló wá sí i lọ́kàn, bó ṣe máa ń pọ́n ní gbogbo àárọ̀ tó bá ń dúró de ìdáhùn. Ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, Màmá rò pé atẹ́gùn òkun ló ń mú un pọ́n; àṣé àìsùn ni.

Ó yíjú sí ọwọ́ ògiri, ó sì fi èdè Gun dáhùn, jẹ́jẹ́. Tẹjúmádé kò gbọ́ Gun. Ṣùgbọ́n kò gbé ọwọ́ rẹ̀ kúrò.