Bẹ́ǹṣì Kejì, Ọ̀dẹ̀dẹ̀ Ilé Ìwòsàn

Ọmọ náà kò tó kílò méjì. Láti oṣù kẹfà oyún ni ìyá rẹ̀ ti ń sùn lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, nígbà tí onílé lé e jáde pé ilé òun kì í ṣe ilé ìgbẹ̀bí. Dókítà kọ sínú káàdì pé ọmọ kéré nítorí pé ìyá "kò sinmi tó." Òótọ́ ni. Kò kọ ibi tí ìbá ti sinmi.

Ní ọjọ́ kẹta, akọ̀wé ṣí ìwé ìtúsílẹ̀.

"Ìyá ìkókó, àdírẹ́sì?"

"Mi ò ní."

"Òkú pàápàá ní àdírẹ́sì, ẹ jàre."

"Òkú ò bá onílé jà, bọ̀dá."

Òfin ilé ìwòsàn kò ṣòro. A kò gbọdọ̀ tú irú ọmọ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ láìní àdírẹ́sì, torí nọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ lọ wọ̀n ọ́n nílé. Ìyá tí ara rẹ̀ yá kò sì gbọdọ̀ sùn ní wọ́ọ̀dù mọ́. Wọ́n bá ní kí tòun tọmọ lọ dúró lórí bẹ́ǹṣì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, lábẹ́ fèrèsé tó fọ́, níbi tí atẹ́gùn ti ń wọlé láìkan ilẹ̀kùn. Fọ́ọ̀mù tí kò kún a máa ba akọ̀wé lẹ́rù. Ó kọ ohun tí ojú rẹ̀ rí: "Bẹ́ǹṣì kejì, ọ̀dẹ̀dẹ̀, ilé ìwòsàn." Ó lu òǹtẹ̀ ilé ìwòsàn sí i.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, nọ́ọ̀sì gbé òṣùwọ̀n, ó gba àtẹ̀gùn sọ̀ kalẹ̀, ó dé.

"Ẹ kúulé o."

"Ẹ káàbọ̀, àǹtí. Ẹ má bínú, àga ò sí."

Gíráàmù ọgọ́rin ti dín lára ọmọ. Òtútù ti mú un débi pé kò lè fa ọmú.

"Ta ni onílé yín?"

"Àwọn tó gbà yín síṣẹ́ ni."

Nọ́ọ̀sì kò rẹ́rìn-ín. Ó fa fọ́ọ̀mù pupa tí wọ́n fi ń kìlọ̀ fún onílé yọ, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí onílé pèsè yàrá tó móoru kí aago méjìlá tó lù, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, òun yóò fẹjọ́ rẹ̀ sun wòléwòlé. Ó gbé e fún ọ̀gá àgbà ilé ìwòsàn.

"Ṣé orí ẹ pé? Èmi tí mi ò tíì kọ́lé, o ti sọ mí di onílé!"

"Òǹtẹ̀ yín ló wà níbẹ̀, sà."

"Tí mo bá ní kì í ṣe ilé mi ńkọ́?"

"Á jẹ́ pé ẹ tú ọmọ sílẹ̀ láìní àdírẹ́sì, sà."

Ọ̀gá àgbà wo aago. Kí ó tó di méjìlá, àwọn dókítà ti ń kó bàtà wọn jáde kúrò ní yàrá ìsinmi. Ọjọ́ méje péré ni ó fọwọ́ sí pé kí ìyá àti ọmọ lò níbẹ̀.

"Lẹ́yìn ọjọ́ méje ńkọ́, àǹtí?" ni ìyá ọmọ bi í.

"Fọ́ọ̀mù ò wọ́n mi. Ẹ tú bọ́tìnnì, ẹ gbé e mọ́ àyà."

Ó lé ní wákàtí kan kí ọmọ náà tó la ẹnu. Ó fa ọmú, ó sinmi, ó tún fà á. Nọ́ọ̀sì kọ ọ́ sílẹ̀: ìṣẹ́jú mẹ́rin.