Kàdúná Tó Wà Lẹ́yìn Ilé Wa

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bú kọ̀ǹpútà ná, nítorí òun ni gbogbo ilé wa dá lẹ́bi. Bí mo bá bú u tán, màá wá bú àwa tí ẹ̀bi tọ́ sí.

Ọdún 1995 ni wọ́n gbé e dé ọ́fíìsì ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn oníkòkó ní Àpòmù, níbi tí àbúrò mi Làtífù ti ń tẹ táípù. Mo lọ wò ó lọ́jọ́ kan. Yàrá kan ṣoṣo tó ní ẹ̀rọ amúlétutù nínú ọ́fíìsì náà ni wọ́n gbé e sí. Wọ́n tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì fún un, wọ́n sì fi aṣọ funfun bò ó lórí. Ẹni tó bá fẹ́ wọlé lọ bá a gbọ́dọ̀ bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tó ń wọ mọ́ṣáláṣí. Akọ̀wé àgbà wọn, Ọ̀gbẹ́ni Olúsànyà, ní eruku ò gbọdọ̀ kàn án, ooru ò sì gbọdọ̀ mú un. Mo wo àwọn àgbẹ̀ tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì níta nínú oòrùn, àwọn gan-an tó ni ẹgbẹ́, mo wá bi Làtífù pé ta ni ẹrú, ta ni olówó ẹrú níbẹ̀ yẹn. Ó rẹ́rìn-ín. Ìgbà yẹn, ó ṣì ń rẹ́rìn-ín.

Aránṣọ ni mí, ìdí ẹ̀rọ ni mo ti ń jẹun, mo sì mọ̀ pé kò sí ẹ̀rọ tí kò ní ìwà burúkú tirẹ̀. Tèmi máa ń já òwú nígbà tó bá wù ú, abẹ́rẹ́ rẹ̀ ti gún mi ní àtàǹpàkò rí. Ṣùgbọ́n bó bá bá mi ba iṣẹ́ jẹ́, aṣọ tó bàjẹ́ ṣì wà lọ́wọ́ mi, mo lè tú u kí n tún un rán. Táípù náà rí bẹ́ẹ̀. Iná ìbáà lọ, òjò ìbáà rọ̀, ohun tí èèyàn ti tẹ̀ wà lórí bébà. Kọ̀ǹpútà ni mo gbọ́ pé èèyàn á fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀, tí iná á lọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tí iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta á sì di àwátì. Kò ní bẹ̀ ọ́. Á kàn máa ṣẹ́jú sí ọ bí ẹni tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Làtífù nìyẹn. Orúkọ gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ láti Orílẹ̀-Òwu títí dé Àpòmù, oko kọ̀ọ̀kan àti ààlà rẹ̀, ló ń tẹ̀ sínú rẹ̀. Iná lọ, iná dé, wọn ò rí nǹkan kan mọ́. Ọ̀gbẹ́ni Olúsànyà ò pè é sí kọ̀rọ̀. Ojú àwọn àgbẹ̀ tó wà lórí bẹ́ǹṣì ló ti sọ fún un pé, "Ọdún méjìlá lo ti wà nídìí táípù, òpè ṣì ni ẹ́. Lọ bá wọn ro oko." Làtífù wọ bàtà rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó wọkọ̀ wá sí Ìkirè, ó kọjá lára mi nídìí ẹ̀rọ láìkí mi, ó wọ yàrá ẹ̀yìn, ó sì tilẹ̀kùn. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni, kò tíì gbéyàwó.

Ọjọ́ kìíní, a ní inú ló ń bí i. Ọ̀sẹ̀ kìíní, a ní ibà ni. Nígbà tó wá pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí kò wẹ̀, tí kò dá ẹnikẹ́ni lóhùn, tó jẹ́ pé ṣíbí méjì mẹ́ta ló ń jẹ nínú oúnjẹ tá a bá gbé fún un, tó sì ń kọjú sí ògiri látàárọ̀ dalẹ́, Ìyá wa bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún pé iná kọ̀ǹpútà ti wọ ọmọ òun lórí. Ẹ̀gbọ́n wa, Alájì Mùkáílà tó ń ta pákó, ní iṣẹ́ ọ̀tá ni. Wọ́n gbé hàǹtú wá, omi tí ààfáà fi fọ ìkọ̀wé kúrò lára wàláà. Làtífù mu ún, ó tún kọjú sí ògiri. Èmi ní kí a gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní Ìbàdàn. Ọkọ oníbàárà mi kan ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí, dókítà tọ́jú rẹ̀, ó sì padà sẹ́nu iṣẹ́. Bí mo ṣe sọ ọ́ báyìí, Alájì dìde lórí àga.

"Sìlífátù, ṣé o fẹ́ kí wọ́n máa pe ilé yìí ní ilé wèrè ni? O lọ́mọbìnrin mẹ́ta nílẹ̀. Ta ló máa fẹ́ wọn?"

Mo gbé ọ̀rọ̀ Ìbàdàn tì. Ìdílé kan ní Àpòmù ti ń fẹsẹ̀ palẹ̀ wá tọrọ Mùnírátù, àkọ́bí mi, mo sì mọ̀ pé kí wọ́n tó gbé obì wá, wọ́n á kọ́kọ́ wádìí bóyá àìsàn orí wà nílé wa. Kò sẹ́ni tí kì í ṣe é. Èmi náà ti rán èèyàn lọ wádìí ilé onílé rí.

Alájì wá ní òun ti rọ́gbọ́n dá sí i. Ẹni tó bá béèrè Làtífù, kí a ní ó ti lọ sí Kàdúná. Ó lọ kọ́ kọ̀ǹpútà.

Ẹ wo ọgbọ́n tí kò lórí tí kò nídìí! Ohun tó dójú tì í la sọ di ohun tí a fi ń yangàn. Àdúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í kí wa kú oríire. Ìyá Sàídì, tó wà ní ilé ọ̀kánkán wa, ní ọmọ tó bá gbọ́n máa ń mọ ibi tí ayé ń lọ. Ìyá wa ń ṣàmín, omi ń bọ́ lójú rẹ̀, wọ́n sì rò pé omijé ayọ̀ ni.

Ṣùgbọ́n ẹni tó wà ní Kàdúná ò gbọdọ̀ wúkọ́ ní Ìkirè. Kò gbọdọ̀ jáde wá yá oòrùn ní ẹ̀yìnkùlé. Alájì fi pákó kan fèrèsé yàrá rẹ̀ pa láti ìta. Bó bá fẹ́ lọ sí ṣáláńgá, ó di kí ilẹ̀ tó mọ́. Bí àlejò bá dé, ọ̀kan nínú wa á lọ dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn rẹ̀, á máa sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, "Làtífù, má mira o." Ẹni tó ti ara rẹ̀ mọ́lé, tí iṣẹ́ wa ì bá jẹ́ láti máa bẹ̀ ẹ́ kó jáde, àwa là ń bẹ̀ ẹ́ kó má jáde! Nígbà tó di oṣù kejì, Alájì ra àgádágodo. Ó ní nítorí àwọn ọmọdé ni, kí wọ́n má baà lọ ṣílẹ̀kùn níjọ́ tí àlejò bá wà.

Ọ̀sán ọjọ́ kan nínú oṣù yẹn ni Barnabas dé. Òun àti Làtífù jọ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ táípù ní Àpòmù ni, ọmọ ìjọ Aládùúrà, èèyàn jẹ́jẹ́. Ó bá mi nídìí ẹ̀rọ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ níbi tí mo ti ń ránṣọ.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá Mùnírátù. Làtífù ńkọ́? Iṣẹ́ ayọ̀ ni wọ́n rán mi sí i."

Kò tíì sọ ọ́ tán tí mo fi gbọ́ ìró láti ẹ̀yìn. Ilẹ̀kùn yàrá ni. Wọ́n ń kàn án láti inú, kó, kó, kó, bí ẹni tí kò dá a lójú pé òun lẹ́tọ̀ọ́ láti kàn án. Oṣù méjì gbáko tí Làtífù ò fẹ́ rí ẹnikẹ́ni, ó gbọ́ ohùn ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó dìde fúnra rẹ̀, ó wá sẹ́nu ọ̀nà. Ẹsẹ̀ mi wà lórí irin tí mo fi ń wa ẹ̀rọ. Mo tẹ̀ ẹ́. Mo wa ẹ̀rọ náà tagbára-tagbára lórí aṣọ, òwú já, mi ò dúró, mo ṣáà ń wà á kí ariwo rẹ̀ lè bo ariwo ilẹ̀kùn. Mo wá tújú ká.

"Làtífù kẹ̀? Ó ti lọ sí Kàdúná o, ó lọ kọ́ kọ̀ǹpútà. Ó di ọdún tó ń bọ̀."

"Kọ̀ǹpútà! Ògo ni fún Olúwa." Inú rẹ̀ dùn tọkàntọkàn. "Tó bá rí bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ tí wọ́n rán mi ò wúlò mọ́. Ó ti kọjá ibi tá a wà. Ẹ bá mi kí i o."

Ó lọ. Nígbà tí mo gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí irin, ẹ̀yìn ilé ti dákẹ́. Làtífù ò kan ilẹ̀kùn náà mọ́, lọ́jọ́ náà tàbí lọ́jọ́ mìíràn.

Oṣù márùn-ún sí i. Irun rẹ̀ di ìdì, ó rù débi pé egungun àyà rẹ̀ ṣeé kà. Nígbà tó yá, ó di pé kò fẹnu kan nǹkan kan fún ọjọ́ méjì, ọjọ́ mẹ́ta. Gbogbo wa la mọ̀ pé bó bá ń bá a lọ báyìí, òkú la máa gbé jáde nínú yàrá yẹn, a ò sì bá ara wa sọ ọ́. Ohun tí Alájì ń bá wa sọ ni bí a ó ṣe wí fún àdúgbò tí ọdún tó ń bọ̀ bá dé.

Àárọ̀ ọjọ́ kan mo gbé aṣọ oníbàárà lọ sí Àpòmù, mo sì bá Barnabas pàdé létí títì.

"Ìyá Mùnírátù, Làtífù mà ti gbàgbé wa o. Lẹ́tà kan ṣoṣo ò wá. Ṣé ó tiẹ̀ gbọ́ ṣá pé a rí iṣẹ́ yẹn?"

"Iṣẹ́ wo?"

"Ohun tí mo fẹ́ wá sọ fún un lọ́jọ́sí nìyẹn. Ẹnjiníà tó wá láti Ìbàdàn ṣí kọ̀ǹpútà yẹn, kò lò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ, ó rí gbogbo rẹ̀ nínú ẹ̀. Kò sí orúkọ kan tó sọnù. Làtífù ti tọ́jú ẹ̀ bó ṣe yẹ kíná tó lọ, àwa la ò mọbi tá a máa wò. Ojú ti Ọ̀gá Olúsànyà. Wọ́n ní kí n wá bẹ̀ ẹ́ kó padà, pé àwọn á tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹ̀ níwájú àwọn àgbẹ̀ ọjọ́ yẹn. Ìgbà tí mo wá jíṣẹ́ pé ó ti lọ kọ́ ọ ní Kàdúná, inú wọn dùn, wọ́n bá gba ẹlòmíì sípò ẹ̀."

Ó ṣe mí bíi pé kí n gbá a létí. Kí ló ṣe fún mi? Kò ṣe nǹkan kan ju pé ó gba irọ́ mi gbọ́. Inú bí mi sí Olúsànyà tó fi ẹnu tẹ́ńbẹ́lú ọmọ ọlọ́mọ. Inú bí mi sí Alájì àti pákó rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo wo ilẹ̀, ẹsẹ̀ tó wa ẹ̀rọ lọ́jọ́ yẹn ni mo rí, ara mi gan-an ni inú sì bí mi sí jù. Kọ̀ǹpútà tí à ń bú láti oṣù méje ti tọ́jú ohun tí Làtífù fi sí i lọ́wọ́. Àwa ẹbí rẹ̀ ni a ò lè tọ́jú òun fúnra rẹ̀.

"Barnabas," mo ní, "Làtífù ò lọ sí Kàdúná. Yàrá ẹ̀yìn ilé wa ló wà. Ó ń kú lọ. Bá mi ká lọ."

Ó dá ọkọ̀ dúró.

A bá Alájì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo ní kó fún mi ní kọ́kọ́rọ́.

"Rọra sọ̀rọ̀, Sìlífátù. Àwọn èèyàn ń gbọ́."

"Kí wọ́n gbọ́! Oṣù méje ni mo ti ń rọra!"

"Mùnírátù ńkọ́? Àwọn àna ẹ ńkọ́?"

"Bí wọ́n bá wá wádìí, ẹ ní kí wọ́n wá bi èmi. Nílé ta ni àìsàn ò sí? Ilé tó bá ti aláìsàn mọ́lé ni kí wọ́n sá fún!"

Kò fún mi ní kọ́kọ́rọ́. Barnabas mú òòlù tí Alájì fi kan pákó, ó sì fọ́ àgádágodo náà. Òórùn tó kọ́kọ́ jáde lé mi sẹ́yìn ní ìṣísẹ̀ kan. Làtífù dùbúlẹ̀, ó kọjú sí ògiri. Barnabas jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sì jẹ́ iṣẹ́ tí ì bá ti jẹ́ láti oṣù márùn-ún sẹ́yìn, láìfi ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀. Làtífù ò yíjú. Mo ti rò pé bó bá gbọ́ ọ, á fò sókè ni, àṣé ọ̀rọ̀ ti kọjá bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí a gbé omi wá, ó jẹ́ kí Barnabas wẹ̀ fún un, ó jẹ́ kí ó wọ jálàbíà fún un. Ìyá wa gbé ẹ̀kọ gbígbóná wá, ó mu ún dé ìdajì.

Alájì tẹ̀ lé wa dé ẹnu ọ̀nà. Ó ní bó bá jẹ́ pé Ìbàdàn la fẹ́ gbé e lọ dandan, kí a jọ̀ọ́, kí a dúró kí ilẹ̀ ṣú. Mo ní ọ̀sán gangan ni.

A mú un jáde, Barnabas lápá ọ̀tún, èmi lápá òsì, a kọrí sí títì níbi tí a ó ti rí ọkọ̀ tó ń gba Aṣéjìrè lọ. Ó ń fi ọwọ́ bo ojú nítorí oòrùn. A ò tíì rìn jìnnà tí Ìyá Sàídì fi gbéra níwájú ilé rẹ̀ tó ń sáré bọ̀.

"Háà! Làtífù! Ará Kàdúná wa! Káàbọ̀ o, ìgbà wo lo dé?" Ó wá rí i dáadáa, ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. "Kí ló wá fà ọ́ gbẹ báyìí?"

Mo búra, irọ́ ti wà létè mi. Oúnjẹ Òkè Ọya ni ò bá a lára mu: mo ti la ẹnu láti sọ ọ́, èmi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ pariwo mọ́ ẹ̀gbọ́n mi. Làtífù ló ṣáájú mi. Ohùn rẹ̀ ti há, ó rí bí ohùn ẹlòmíràn.

"Ilé ni mo wà, Ìyá Sàídì. Ara mi ni ò yá. Mo kan ilẹ̀kùn, wọn ò ṣí i fún mi."

Ojú mi ló ń wò nígbà tó sọ ọ́. Ìyá Sàídì náà yíjú sí mi, ó ń retí kí n wí nǹkan. Mo di apá àbúrò mi mú, a sì ń lọ sí títì.