Irin Tó Mu Omi

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé ẹ̀gbọ́n kì í ṣẹ̀, ẹ bi í bóyá ó mọ Ògúnlékè alágbẹ̀dẹ ní Pobè. Ẹ̀gbọ́n gidi ni o, ẹni tó tọ́ àbúrò rẹ̀ Ògúntúndé dàgbà lẹ́yìn ikú bàbá wọn. Ṣùgbọ́n ohun tó fojú Ògúntúndé rí lọ́sàn-án ọjọ́ tó ṣáájú àjọ̀dún òmìnira, ọdún kẹta tí àwọn Faransé kó ẹrù wọn lọ, bí ènìyàn bá gbọ́ ọ tí inú ò bá bí i, kó lọ yẹ ara rẹ̀ wò.

Ọkọ̀ kan ló dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Ọkọ̀ eré sísá pupa ni, ẹni méjì péré ló ń gbà, ó sì kúrú tó bẹ́ẹ̀ tí ewúrẹ́ fi lè na ọrùn wo orí rẹ̀. Ṣàmsídéènì, oníṣòwò aṣọ ní Sakété, ló rà á lọ́wọ́ òyìnbó kan tó ń padà sílé. Ọ̀nà ọlọ́dà ni wọ́n ṣe é fún, ọ̀nà ilẹ̀ pupa tiwa kò sì mọ ìyẹn. Kòtò kan lọ́nà Takon ló wọ́ apá irin méjèèjì tó di ẹsẹ̀ iwájú ọkọ̀ náà mú. Àwọn tó ń tún ọkọ̀ ṣe ní Kútọnù ní òmíràn yóò ti Faransé wá, yóò gba oṣù mẹ́rin.

"Oṣù mẹ́rin!" Ṣàmsídéènì pariwo. "Ṣé wọ́n ń gbin irin náà ni?"

Ògúntúndé ní òun yóò rọ ọ́. Ó ti kọ́ iṣẹ́ jíjó irin pọ̀ nílé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń fún epo, ó sì mọ̀ ju ọkọ́ àti àdá lọ. Irin ẹ̀yìn kámíọ̀, ọkọ̀ akẹ́rù, kan tó ti kú ló fi rọ apá náà. Kò kàn wo ti òyìnbó kó ṣe irú rẹ̀, rárá o. Ó gé e láàárín, ó fi vísì ńlá, ìṣó tí wọ́n ń yí, sí i, tí ènìyàn fi lè yí i kó gùn sí i tàbí kó kúrú, títí táyà yóò fi dúró gbọn-in lójú ọ̀nà tó bá bá a pàdé. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló rọ ọ́ tó sọ ọ́ nù. Ẹ̀ẹ̀kẹrin ló tó ṣe rẹ́gí.

Ṣàmsídéènì ti ṣèlérí fún un. Bí ọkọ̀ náà bá fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn dé Sakété lọ́jọ́ òmìnira, ìsọ̀ onípáànù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà di ti Ògúntúndé. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó. Ọkùnrin ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, gbogbo ohun tó bá rọ, iṣẹ́ Ògúnlékè ni ará ìlú ń pè é. Ó fẹ́ ìsọ̀ yẹn débi pé ó ti ń lá a lálàá.

Láàárọ̀ ọjọ́ tó ṣáájú òmìnira, ó yọ apá méjèèjì kúrò nínú iná, ó bò wọ́n mọ́ eérú gbígbóná. Ó wá bẹ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Ẹ jẹ́ kó tutù fúnra rẹ̀." Ògúnlékè mi orí pé òun ti gbọ́. Ògúntúndé gba Sakété lọ láti ra vísì tó kù.

Nígbà tí òun àti Ṣàmsídéènì padà dé lórí kámíọ̀ gàrí, apá méjèèjì ti wà lórí ẹní, wọ́n dúdú, wọ́n ń dán. Ṣàmsídéènì kọjá lọ bá ọkọ̀ rẹ̀ tí wọ́n gbé ka orí igi, ó ń fi aṣọ nù ún. Àbẹ̀kẹ́, ìyàwó Ògúnlékè, sá pàdé Ògúntúndé tẹ̀ríntẹ̀rín.

"Ọkọ mi, ẹ kú oríire o. Ẹ̀gbọ́n yín ò sinmi. Wọ́n ní ẹ gbàgbé láti fún irin yín lómi, ni wọ́n bá dá a padà sínú iná, wọ́n fi ọwọ́ ara wọn rì í sómi."

Ara Ògúntúndé kọ́kọ́ tutù, lẹ́yìn náà ló wá gbóná. Àdá ló ń mu omi! Ọkọ́ ló ń mu omi, kí ẹnu rẹ̀ lè le. Ohun tó máa gbé ọkọ̀ gbọ́dọ̀ lè tẹ̀ díẹ̀ kó tó padà. Bí o bá fún un lómi báyẹn, á le, á sì gbẹ bí ìkòkò amọ̀. Ọkọ́ tó bá ṣẹ́ lóko, àgbẹ̀ á bú ọ lásán. Apá ọkọ̀ tó bá ṣẹ́ lórí eré, òkú ni wọ́n máa gbé. Ó gbé ọ̀kan sójú oòrùn, ó sì rí i, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun lẹ́bàá ojú vísì. Ó ti là.

Ó yíjú sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó jókòó ti ẹwìrì. Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, kí ni mo bẹ̀ yín?"

"Láti ayé bàbá wa," ni Ògúnlékè wí, "irin tí kò bá mu omi kì í jáde nílé yìí. Ṣé ìwọ ló máa wá yí i padà?"

"Túndé!" Ṣàmsídéènì ń pè láti ìdí ọkọ̀. "Bá mi fi í sí i, jàre. Mo ti sọ fún gbogbo Sakété pé mò ń bọ̀ lọ́la."

"Ó ti bàjẹ́," ni Ògúntúndé wí.

"Níbo ló ti bàjẹ́? Èyí tó ń dán gbinrin yìí? Fi í síbẹ̀!"

Ògúntúndé gbé apá náà ka orí owú, ó na ọmọ owú sókè, ó sì fi gbogbo ìbínú tí kò lè fi na ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ ọ́ kalẹ̀. Irin náà ṣẹ́ sí méjì, pákà!

"Súbúhánà-lláhì!" Ṣàmsídéènì di orí mú. "Èmi ni ǹ bá gun nǹkan yìí! Ta ló bà á jẹ́?"

Ògúntúndé wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ta ló máa tú àṣírí ilé bàbá rẹ̀ lójú àlejò? Ìsọ̀ yẹn ń lọ, ó ń rí i bó ṣe ń lọ.

"Èmi ni," ó wí.

Ọ̀rọ̀ náà ì bá parí síbẹ̀. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ògúnlékè mí kanlẹ̀, ó ní, "Ẹ má bínú, Ṣàmsídéènì. Mo kìlọ̀ fún un títí. Mo ní kó má fún un lómi. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí kì í gbọ́ràn."

Háà! Àbẹ̀kẹ́ fọwọ́ bo ẹnu. Ògúntúndé bẹ̀rẹ̀, ó mú ẹ̀là irin kan nílẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e síwájú ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, mi ò ní pè yín ní òpùrọ́. Irin nìyí. Ẹ fi ahọ́n kàn án, kí ẹ tún un sọ."

Ọmọ alágbẹ̀dẹ wo ni kò mọ ohun tí ìyẹn jẹ́? Ẹni tó bá fi ahọ́n kan irin tó sì purọ́, Ògún ló pè lẹ́jọ́. Ògúnlékè wo irin náà. Òógùn bọ́ sí i lójú, kò nù ún. Ọwọ́ rẹ̀ ò jáde.

Ṣàmsídéènì wo èyí, ó wo tọ̀hún, ohun tó ṣẹlẹ̀ sì yé e. Ó ká aṣọ tó fi ń nu ọkọ̀ mọ́ ọwọ́. Inú ń bí òun náà, wọn yóò fi í rẹ́rìn-ín lọ́la ní Sakété. "Ọjọ́ mélòó lo máa fi rọ òmíràn?"

"Mẹ́jọ. Ṣùgbọ́n mi ò ní rọ ọ́ níbí."

Ohùn Ògúnlékè padà dé. "Níbo ló kù tó o ti fẹ́ rọ ọ́? Owú ta ni? Ẹwìrì ta ni?"

"Ti bàbá wa ni, Ẹ̀gbọ́n, ọwọ́ yín ló sì wà. Ẹ mú un dáadáa. Láti òní lọ, òun nìkan ló máa dá yín lóhùn nílé yìí."

Ó dọ̀bálẹ̀ fún un gbalaja, bó ṣe yẹ kí àbúrò ṣe. Ó dìde, ó kó ẹmú rẹ̀, ó sì gun kámíọ̀ tó ń padà sí Sakété.