Omi Aláwọ̀ Ewé

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kí ìtìjú tó dí mi lẹ́nu. Nígbà tí pẹ́pẹ́yẹ mi méjì kú lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, Àjàní aládùúgbò wa ni mo bú. Mo ní òun ló fún wọn ní májèlé jẹ, torí pé wọ́n ń jẹ ẹ̀fọ́ rẹ̀. Mo bú u títí mo fi kan ìyá rẹ̀. Èmi Leah, ìyá àdúrà ní ṣọ́ọ̀ṣì Kérúbù wa ní Erunmu!

Ìbẹ̀rù ló ń mú mi kanra. Títíladé, ìyàwó ọmọ mi, wà nínú oyún oṣù márùn-ún. Méjì ti bàjẹ́ lára rẹ̀ ṣáájú èyí. Láràárọ̀ ni mò ń pọn omi lódò, tí mò ń gbàdúrà sí i, tí mò ń gbé e fún un mu. Nígbà tí àkọ́rọ̀ òjò dé, tí odò náà di aláwọ̀ ewé, mo kígbe halelúyà. Mo ní àmì ìyè rè é. Mo rọ ọ́ sínú igo mẹ́tàdínlógún, mo pín in ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Lọ́jọ́bọ̀, mo bá Sanmí létí odò. Ọmọ tíṣà kan ní Olódò ni, yunifásítì ló wà. Oṣooṣù ló ń fi àwọ̀n wẹ́wẹ́ sẹ́ omi wa, kó lè ka àwọn ohun ẹlẹ́mìí tíntìntín tó wà nínú rẹ̀. A máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ẹja tó ń pa ò lè kún ṣíbí. Lọ́jọ́ yẹn, kò rẹ́rìn-ín.

“Mà, ẹ ò tíì mu omi yìí, àbí?”

“Ààwẹ̀ ni mo wà. Kí ló dé?”

“Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, oríṣi mẹ́rìnlélógún ni mo kà. Lónìí, oríṣi kan péré ló kù. Òjò ti gbá ìgbẹ́ adìyẹ wọnú odò láti àwọn oko òkè. Èyí tó fẹ́ràn ìdọ̀tí ló pọ̀ tó lé àwọn yòókù lọ, òun ló sọ omi di aláwọ̀ ewé. Ó lè ní májèlé, Mà. Téèyàn bá sè é pàápàá, kò ní kúrò.”

Yéè! Títíladé! Mo sáré délé. Mo bá a níbi tó ti ń bó ẹ̀gúsí.

“Ṣé o ti mu omi àárọ̀ yìí?”

Ó kúnlẹ̀, ó bú sẹ́kún. “Ẹ má bínú, Mà. Ó ti ń rùn láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mi ò lè mu ún. Ẹ̀rù yín ló bà mí. Omi inú ọ̀rá ni mò ń mu. Inú abọ́ àwọn pẹ́pẹ́yẹ ni mò ń da tiyín sí.”

Mo dì mọ́ ọn, mò ń sunkún, mò ń rẹ́rìn-ín. Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kó gbọ́ràn sí mi lẹ́nu mọ́! Ìgbà náà ni mo rántí igo mẹ́tàdínlógún. Mo gbá agogo àdúrà mú lórí tábìlì, mo jáde sí títì láìwọ bàtà, mò ń lù ú, mò ń pariwo pé kí wọ́n dà á nù. Ilé Àjàní ni mo kọ́kọ́ yà. Igo kan wà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, èmi ni mo sì fún wọn.