Ìṣẹ́jú Kan fún Monínúọlá

"Opó kì í lọ sí Ìbàdàn," ni Adéníran wí, ó sì fẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn bí ẹni pé Ìbàdàn ń bọ̀ wá gbé ẹnìkan nínú yàrá náà.

Mo rẹ́rìn-ín. Ọmọ mi àgbà ni, èmi ni mo bí i, mo sì mọ ojú rẹ̀ nígbà tí ẹ̀rù bá ń bà á. Orí ẹní ni mo wà, mò ń bó ẹ̀gúsí. Monínúọlá, ìyàwó àbúrò rẹ̀ tó kú, jókòó nídìí kọ̀ǹpútà nínú aṣọ dúdú. Ọwọ́ rẹ̀ kò kúrò lórí bọ́tìnì.

"Ẹ̀gbọ́n mi, kí ni ẹ wí fún àwọn tó pè lórí tẹlifóònù?"

"Mo ní o wà nínú ọ̀fọ̀."

"Àpérò Ìbàdàn náà ṣì jìnnà. N óò ti bọ́ aṣọ dúdú kí ó tó dé."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ?"

"Ẹ̀yin ni."

"Ìwọ mà ni, Adéníran," ni èmi náà wí. "Ẹnu rẹ yìí náà ni. Àbí o fi yá ẹlòmíràn lọ́jọ́ náà?"

Ó pa ilẹ̀kùn dé, mo sì gbọ́ tí bàtà rẹ̀ ń dún lọ sí ìta.

Olúmúyìwá ni orúkọ ọmọ mi tó kú. Ibà ló mú un, kò sì jẹ́ kí a rí i tọ́jú pẹ́. Òun àti Monínúọlá ló ni ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà tó wà níwájú ilé wa ní àdúgbò Adébáyọ̀, ní Adó-Èkìtì. Ìpínlẹ̀ Èkìtì ṣẹ̀ṣẹ̀ dé nígbà náà, gbogbo ọ́fíìsì ìjọba ló ń wá ẹni tí yóò bá wọn tẹ̀wé, iṣẹ́ ọkọ nìyẹn. Iṣẹ́ ìyàwó ni ojú mi kò rí irú rẹ̀ rí. Ó ń kọ ojú ìwé sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, tí àwọn ọmọ wa tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù fi lè jókòó sí ọ̀hún kí wọ́n máa rí ilé.

Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ fi hàn mí, àwòrán ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì wa ni. Orí òrùlé ló kọ́kọ́ yọ. Mo jẹun, mo fọ abọ́, mo padà dé, òrùlé náà ni. Wáyà tẹlifóònù wa ni kò lágbára, àwòrán náà sì tóbi jù fún un. Monínúọlá ronú sí i títí. Nígbà tó yá, ó gé àwòrán náà sí wẹ́wẹ́, ó wá kọ àṣẹ sínú kọ̀ǹpútà pé kí ọ̀rọ̀ kọ́kọ́ wọlé, kí àwọn ègé náà tẹ̀ lé e lọ́kọ̀ọ̀kan, kí oníkálukú sì mọ àyè tí yóò jókòó sí. Kóòdù ni wọ́n ń pe irú àṣẹ bẹ́ẹ̀.

"Màmá, bí ẹ ṣe ń bu iyán fún àwọn ọmọ ni," ni ó wí. "Ẹ kì í ní kí ebi máa pa wọ́n títí ẹ ó fi kó gbogbo odó tán. Ẹ ń bù ú fún wọn díẹ̀díẹ̀ ni."

Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ mi dé egungun. Mo gbé orin sí i níbẹ̀:

Gé e wẹ́wẹ́, ìyàwó mi, gé e wẹ́wẹ́,
Ẹrù tó tóbi tí ẹnu ọ̀nà kọ̀,
Gé e wẹ́wẹ́, yóò wọlé.

Olúmúyìwá ń gbè é, ó ń fi ìka lu tábìlì.

Àwọn méjèèjì ti jọ lọ sí àpérò àwọn tó ń kọ kóòdù ní Ìbàdàn rí. Mi ò mọ iye ìgbà tí mo ní kí Monínúọlá tún un sọ fún mi. Ó ní gbogbo wọn lẹ orúkọ mọ́ àyà bí ọmọ tí ìyá rẹ̀ ń bẹ̀rù kí ó má sọnù lọ́jà. Ọkùnrin kan bi í pé, "Màdáàmù, akọ̀wé ta ni yín?" Ọkọ rẹ̀ fèsì pé, "Òun ni ọ̀gá. Èmi ni mo gbé báàgì." Nẹ́pà mú iná lọ nígbà tí ẹnìkan ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́, ọ̀gbẹ́ni náà kò sì dákẹ́. Inú òkùnkùn ló ti ń ṣàlàyé, inú òkùnkùn ni wọ́n ti ń bá a jiyàn. Bí ó bá dé ibẹ̀, n óò máa rẹ́rìn-ín títí omi yóò fi bọ́ lójú mi.

Àwọn ará àpérò yìí ló wá pè báyìí. Wọ́n fẹ́ kí Monínúọlá dìde sọ bí ó ṣe ń mú àwòrán gba ojú wáyà tí kò lágbára. Ilé iṣẹ́ ńlá kan láti Èkó yóò wà níbẹ̀, tó ń wá ẹni tó lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún àwọn ẹ̀ka wọn.

"Bí wọ́n bá gbọ́ mi lẹ́nu, Màmá, wọ́n á gbà mí," ni ó wí lẹ́yìn tí Adéníran jáde. "N óò ní iṣẹ́ tèmi. N óò gba yàrá tèmi. Ẹ̀yin náà á wá máa kọrin níbẹ̀."

Láti ìgbà tí a ti sin Olúmúyìwá ni Adéníran ti gbé kọ̀ǹpútà kúrò ní ṣọ́ọ̀bù wá sí yàrá ẹ̀yìn. Ó ní kí opó má bàa máa ronú. A yìn ín. Èmi náà yìn ín. Òun wá jókòó sí iwájú nínú ṣọ́ọ̀bù, ó ń gba oníbàárà. Iṣẹ́ á gba ojú wíńdò kékeré tó wà lára ògiri àárín wọlé sí opó, á gba ibẹ̀ jáde, wọ́n á sì máa kí Adéníran kú iṣẹ́. Wọn kò mọ̀ pé ẹnìkan wà lẹ́yìn ògiri.

Nínú ẹbí ọkọ mi ní Ìgèdè, opó kì í bọ́ aṣọ dúdú àfi bí wọ́n bá ti fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ sàréè ọkọ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n òkú ló máa ń pèsè sìmẹ́ǹtì. Àwọn ọmọ-osú, ìyẹn àwọn ọmọbìnrin ilé, ni yóò wá mú opó jáde. Láti ìgbà tí tẹlifóònù Ìbàdàn ti dún, sìmẹ́ǹtì di ohun tí kò ṣeé rí. Lónìí, ó ní ó ti wọ́n. Lọ́la, ó ní bíríkìlà ń ṣàìsàn. Lọ́tùn-únla, ó ní òjò.

"Òjò wo?" ni mo bi í. "Nínú ọyẹ́?"

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́."

Mo bi Monínúọlá léèrè bóyá kò lè kàn jáde lọ. Ó wò mí bí ẹni ń wo ọmọdé.

"Bí mo bá fi aṣọ dúdú jáde nílé yìí, Màmá, kí ni wọ́n á wí?"

Èmi náà mọ ohun tí wọ́n á wí. Wọ́n á ní òun ló pa ọkọ rẹ̀.

Nígbà náà ni ọgbọ́n kan sọ sí mi lọ́kàn. Mo wọ ọkọ̀ lọ sí Ìgèdè. Mo bá Bámgbóyè bíríkìlà, tí a jọ ń lọ sí Máàsì, mo ní kí ó ràn mí lọ́wọ́ nítorí Ọlọ́run. Sìmẹ́ǹtì kù lọ́wọ́ rẹ̀ níbi iṣẹ́ kan, ó gbé e wá. Ó pò ó, ó rẹ́ ẹ̀gbẹ́ sàréè. Mo ní kí ó fi òkè sílẹ̀ fún mi. Àtẹ́lẹwọ́ mi ni mo fi dán orí sàréè ọmọ mi, bí a ṣe ń rẹ́ ilé nígbà tí mo ṣì jẹ́ ìyàwó tuntun, mo sì ń kọrin fún un:

Sùn dáadáa, ọkọ Monínú,
Ìyá rẹ tẹ́ ibùsùn tó dán,
Aya rẹ ń bọ̀ wá wọ aṣọ àwọ̀ ewé.

Mo padà sí Adó tìjó-tìjó. Mo wọlé, mo ké pé, "Ó ti parí! Ẹ wá bọ́ aṣọ dúdú!" Monínúọlá dìde lórí àga, ó gbá mi mọ́ra.

Adéníran kò bínú. Ohun tó yẹ kó bà mí lẹ́rù nìyẹn.

"Màmá," ni ó wí jẹ́jẹ́, "ta ló da omi sí sìmẹ́ǹtì?"

Ayọ̀ mi dúró sójú kan. Omi àkọ́kọ́ tí wọ́n á fi po sìmẹ́ǹtì sàréè, ọwọ́ ọmọ-osú ló gbọ́dọ̀ ti wá. Mo mọ̀ ọ́n. Ayọ̀ ló jẹ́ kí n gbàgbé.

Adéníran gbé àpò ìrẹsì Ìgbẹmọ kan sẹ́yìn ọkọ̀, ó lọ rí àwọn ọmọ-osú ní Ìgèdè. Ní ọjọ́ kejì, Ìyábọ̀, olórí àwọn ọmọ-osú, kó wọn wá. Mo ju Ìyábọ̀ lọ fíìfíì, mo ti pọn ọ́n rí, ṣùgbọ́n ọmọ ilé ni, ìyàwó ilé ni èmi. Mo kúnlẹ̀.

"Ìyàwó," ni ó wí, "ta ló ní kí o fọwọ́ kan sàréè ọmọ wa?"

"Ìyá ọkọ mi, ẹ má bínú. Ọmọ mi ni."

"Ọmọ rẹ? Ulé ta lo ti bí i?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan ní, "Bóyá inú ẹ̀gúsí ló ti rí i he."

"Kí wọ́n ha gbogbo rẹ̀ kúrò," ni Ìyábọ̀ wí. "Kí opó bẹ̀rẹ̀ ọ̀fọ̀ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀."

Mo gbójú sókè wo Adéníran. Òrùlé ló ń wò.

Monínúọlá ti gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Nígbà tí mo wọlé, ó ti padà sídìí iṣẹ́. "Ẹ jókòó, Màmá," ni ó wí. "Ẹ kọrin kan fún mi." Mo kọ ọ́. Kò gbè é.

Àkókò àpérò dé. Adéníran wọ kóòtù, ó mú dísìkì tí iṣẹ́ Monínúọlá wà nínú rẹ̀, ó lọ. Ó ní ẹnìkan níláti ṣojú ilé. Nígbà tó padà, orúkọ ṣì wà láyà rẹ̀, ó gbàgbé láti yọ ọ́. Ó fún mi ní míìtípáì nínú bébà. Ó ní àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Ó ní ilé iṣẹ́ Èkó ti bá òun ṣe àdéhùn, àwọn ti tọwọ́ bọ ìwé.

Monínúọlá sọ̀rọ̀ láti inú yàrá. "Wọ́n béèrè mi?"

"Wọ́n béèrè ọ," ni Adéníran wí. "Mo dá wọn lóhùn."

Iṣẹ́ Èkó bẹ̀rẹ̀ sí gba ojú wíńdò wọlé.

Ọjọ́ Sátidé kan ni ọmọbìnrin kan tó wọ ṣòkòtò dúró níwájú ilé wa, ó ń wá ojúlé. Adéníran kò sí ní ṣọ́ọ̀bù. Bí ọmọ náà ṣe rí mi, ó kúnlẹ̀ sórí yẹ̀pẹ̀ tòun ti ṣòkòtò, ó sì mú káàdì ńlá kan dání.

"Màmá, ẹ kú ìrọ́jú. Olúfúnṣọ́ ni mí. Àwa la ṣe àpérò ní Ìbàdàn. Ẹ kú àṣẹ̀yìndè Monínúọlá."

"Monínúọlá wo?"

"Ìyàwó yín. Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ ló sọ fún wa lórí pèpéle pé ó ti ṣaláìsí, pé iṣẹ́ tó fi sílẹ̀ lọ́wọ́ òun ni òun mú wá. Gbogbo wa dìde dúró, a dákẹ́ fún ìṣẹ́jú kan. Àwọn kan sunkún, Màmá."

Ẹ̀rín ló máa ń kọ́kọ́ yọ sí mi ní gbogbo ọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ náà, kò yọ. Mo di ọmọ náà lọ́wọ́ mú, mo mú un gba ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo ṣí ilẹ̀kùn yàrá ẹ̀yìn.

Monínúọlá yí ojú padà láti ara kọ̀ǹpútà. "Ẹ káàbọ̀," ni ó wí.

Olúfúnṣọ́ di férémù ilẹ̀kùn mú. Ó sọ ohun tí wọ́n gbọ́ ní Ìbàdàn. Nígbà tó sọ ọ́ tán, Monínúọlá gba káàdì náà, ó kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó ń fi ìka tẹ̀ lé orúkọ àwọn tó kọ̀wé sí i.

"Wọ́n sọ̀rọ̀ mi dáadáa," ni ó wí.

Ó wo aṣọ dúdú ara rẹ̀.

"Màmá, òkú a máa ṣe opó bí?"

"Òkú kẹ̀?" ni mo wí. "Láéláé! Òkú ti bọ́ nínú ìyẹn."

Ó dìde. Kò mú nǹkan kan. A fẹ́ jáde kúrò ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni Adéníran wọlé, ó rí Olúfúnṣọ́, ó sì dúró.

"Níbo lò ń lọ?" ni ó bi Monínúọlá.

"Ẹ̀yin náà lẹ sin mí, Ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ jẹ́ kí n máa lọ."

Àlejò ń wò ó lójú. Ó yà kúrò lọ́nà. Mo kọrin tẹ̀ lé wọn títí mọ́tò fi gbéra.

Ilé iṣẹ́ Èkó ní àwọn kò lè bá ẹni méjì ṣe àdéhùn lórí ọ̀rọ̀ kan, orúkọ Adéníran ló wà nínú ìwé. Monínúọlá ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìwé títẹ̀ ní Ìbàdàn báyìí, lórí kọ̀ǹpútà ẹlẹ́ni. Ní Ìgèdè, wọ́n ní òun ló pa ọkọ rẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi sá. Ìyábọ̀ ní n kò gbọdọ̀ jáde nílé láìsọ ibi tí mò ń lọ.

Ìdákúrekú ni tẹlifóònù ṣọ́ọ̀bù ń dún. Láàárọ̀ yìí, ẹ̀ka ilé iṣẹ́ Èkó kan tí kò gbọ́ ọ̀rọ̀ wa rí ló pè: àwòrán wọn kò ṣí mọ́. Mo gbọ́ Adéníran láti ẹ̀yìn ògiri, ohùn rẹ̀ rọ̀, ó dùn-ún gbọ́.

"Ẹ ṣe sùúrù fún wa, ẹ̀yin ọ̀gá. Ẹni tó ń bá wa ṣe é ló kú."

Wọ́n kí i kú ìrọ́jú. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn.