Káàdì Tó Wà Láàárín

Ní ọjọ́ kẹtàlá oṣù kẹfà, àgádágodo méjì ló wà lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ náà. Ọ̀kan jẹ́ ti aránṣọ, opó tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Èkejì, àbúrò ọkọ rẹ̀ ló wá fi ti ilẹ̀kùn láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó ní ogún ẹ̀gbọ́n òun ni. Kò sẹ́ni tó lè dá ṣí i nínú wọn. Òjò ń pa wọ́n níbi tí wọ́n ti ń bú ara wọn.

Ìyá ọkọ ló pè wọ́n wọ ilé tirẹ̀, níbi tí àbúrò náà ń gbé. Nínú ẹbí yẹn, ẹjọ́ tí ẹnu kò bá lè parí, káàdì póókà ni wọ́n fi ń parí rẹ̀. Ìyá pín bọ́tìnì fún wọn lọ́gbọọgba. Ẹni tí tirẹ̀ bá tán yóò fi kọ́kọ́rọ́ lélẹ̀.

Ẹlẹ́rìn-ín-ẹ̀yẹ ni aránṣọ sọ àbúrò ọkọ rẹ̀ nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé wọn, nítorí ìyàwó kì í pe ọmọ ọkọ lórúkọ. Ẹ̀rín náà ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. Lójú obìnrin náà báyìí, àfi bí ẹni pé wọ́n fi ọ̀bẹ ya á síbẹ̀.

"Ìyàwó wa, tètè ta á. Àwọn oníbàárà mi ń dúró."

"Oníbàárà tiyín? Ẹ̀yin tí ẹ kò lè rán bọ́tìnì mọ́ ẹ̀wù ara yín."

"N ó gbà ọ́ síṣẹ́ nígbà náà, bí o bá mọ ìwà hù."

Ìyá tún pín káàdì, márùn-ún fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Aránṣọ rí mẹ́wàá méjì àti mẹ́rin méjì. Ó pààrọ̀ ẹyọ karùn-ún, kò rí nǹkan gidi; káàdì àárín ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò burú, kò sì dára tán. Ẹlẹ́rìn-ín-ẹ̀yẹ kò pààrọ̀ ẹyọ kan, bí ẹni tí káàdì rẹ̀ ti pé. Ó ti gbogbo bọ́tìnì rẹ̀ sáàárín tábìlì.

Bí aránṣọ bá dojú káàdì rẹ̀ délẹ̀, ìwọ̀nba bọ́tìnì tó ti fi sílẹ̀ ni yóò lọ, eré á sì máa bá a lọ. Bí ó bá ti gbogbo tirẹ̀ tẹ̀ lé e, kò sí àpadàsẹ́yìn mọ́.

Ọkọ rẹ̀ ló kọ́ ọ léré yìí. A máa sọ pé, "Káàdì burúkú kì í pa èèyàn, o ó jù ú nù ni. Káàdì àárín ló ń ba ilé jẹ́. Kò lè borí ẹnikẹ́ni àyàfi ẹni tó ń parọ́, tí kò ní nǹkan lọ́wọ́. Má wo ọwọ́ rẹ, wo ẹni tó kọjú sí ọ. Ṣé ó ń parọ́?"

Ó mọ ìdáhùn. Ẹlẹ́rìn-ín-ẹ̀yẹ kò parọ́ nídìí káàdì rí. Ahun ni, kò lè fi bọ́tìnì kan ṣòfò. Ọkọ aránṣọ a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́: "Àbúrò, o ti ná gbogbo irọ́ rẹ tán níta kí o tó wọlé."

Ọwọ́ rẹ̀ ti ń sún mọ́ àtidojú káàdì náà délẹ̀ nígbà tí aago ara ògiri wúkọ́. Bẹ́ẹ̀ ló máa ń ṣe kó tó lù. Ó mọ ikọ́ yẹn. Ní ọjọ́ tí èémí ọkọ rẹ̀ ń lọ, obìnrin náà pe Ẹlẹ́rìn-ín-ẹ̀yẹ lórí fóònù pé kó gbé mọ́tò wá. "Mo ti wà lójú ọ̀nà," ni ọkùnrin náà wí, ṣùgbọ́n aago yìí ń wúkọ́ lẹ́yìn ohùn rẹ̀; kò tíì kúrò nílé. Ẹ̀yìn ara rẹ̀ ni aránṣọ fi pọn ọkọ rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Ọjọ́ kejì ni àbúrò dé, ó ní taya ló jò.

"Dojú ẹ̀ délẹ̀, ìyàwó wa. Lọ sinmi."

"Irọ́ lẹ ń pa," ó wí, ó sì ti gbogbo bọ́tìnì rẹ̀ síwájú.

Ọkùnrin náà ṣí káàdì rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọlọ́kàn pupa ni márààrún, ó ju ti aránṣọ lọ. Kò tilẹ̀ rẹ́rìn-ín.

Ìyá kó káàdì jọ. "Ọkọ rẹ ì bá ti dojú ẹ̀ délẹ̀."

"Mo mọ̀, Màámi."

Ó fi kọ́kọ́rọ́ lé orí tábìlì. Ó pàdánù ṣọ́ọ̀bù náà, ẹ̀rọ tí òun àti ọkọ rẹ̀ jọ rà, àti gbogbo oníbàárà rẹ̀.